Lẹ́yìn àrùn kòrónà, kùrukùru bo ọpọlọ mi: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Olùkọ́ Ìṣirò, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì ti di ọdún 19 tí mo ti ń dúró níwájú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó àrùn kòrónà. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn náà tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán ni pé mo gbé ọbẹ̀ marúgbó kaná ní ọjọ́ Àìkú kan, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé títí dé ẹnu ọ̀nà, èmi tí mo dúró ti ìkòkò kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó tó oṣù 4 kí n tó tún máa gbọ́ òórùn dáadáa. Ti ẹ̀ẹ̀kejì wá ní ọdún tó kọjá. Ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ 6 péré ni mo fi dùbúlẹ̀, n kò sì dé ilé ìwòsàn ju pé mo lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, oṣù 7 gbáko, ọpọlọ mi kò rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Mo lè wo ojú ọmọ tí mo ti ń kọ́ láti ọdún méjì, kí orúkọ rẹ̀ má sì wá sí mi lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ṣe ìṣirò kan tí mo lè dijú ṣe tẹ́lẹ̀. Mo kọ ìlà kìn-ín-ní àti ìlà kejì sí pátákó, ìlà kẹta kò wá, mo dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń wò mí. Bí mo bá ń ka ìwé, àfi kí n ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé mi. Bí mo bá lọ sí Ọjà Ọba ní ọjọ́ Sátidé, orí ibùsùn ni mo máa wà ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Àyà mi a sì máa sáré kíkankíkan bí mo bá dìde lórí ìjókòó.

Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ sọ ọ́ lójú mi pé ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí mo lọ, wọ́n ní ìrònú ló pọ̀ jù fún mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi, wọn kò tilẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó dùn mí, nítorí mo mọ ara mi.

Ìbéèrè mi nìyí. Àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2020, ẹ̀dọ̀fóró ni a mọ̀ mọ́ àrùn yìí. Ní àsìkò tí ó mú Kọmíṣọ́nà ìlera wa, Dókítà Wahab Adegbenro, lọ ní oṣù keje ọdún náà, ọ̀rọ̀ èémí àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Báwo ni àrùn tó ń gba imú wọlé ṣe ń dé ọpọlọ? Ṣé kòkòrò náà ṣì wà nínú orí mi ni? Ṣé yóò lọ, àbí ìgbàgbé àwọn arúgbó ló ti dé bá mi ní ẹni ọdún 46?

Nọ́ọ̀sì Oǹdó

Ẹ kú ìfaradà, Olùkọ́ wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Oǹdó, mo sì wà nínú àwọn tó tọ́jú àwọn alárùn kòrónà ní ọdún 2020 àti 2021. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ kí ẹnìkan ti sọ fún yín tipẹ́: ohun tó ń ṣe yín ní orúkọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n káàkiri àgbáyé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ẹni tó ní àìsàn ẹ̀yìn COVID: ẹni tí àmì àìsàn wà lára rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, tí àwọn àmì náà ti wà fún oṣù 2 ó kéré tán, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tí a lè fi ṣàlàyé wọn. Àárẹ̀, èémí tí kò tó àti ọpọlọ tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ wà lára àwọn àmì tí wọ́n dárúkọ. Ẹ di gbólóhùn tó ní kò sí àìsàn mìíràn yẹn mú, n óò padà síbẹ̀.

Ní ti imú, òkè ihò imú ni awọ kan wà tí àwọn iṣan tó ń gbọ́ òórùn yọ orí sí. Àwọn iṣan náà kò dá wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn ló yí wọn ká, tí wọ́n ń bọ́ wọn tí wọ́n sì ń gbé wọn ró. Kí kòkòrò kòrónà tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan, ó gbọ́dọ̀ rí ohun kan lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ACE2, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí ihò tirẹ̀. Ara àwọn alátìlẹ́yìn ni wọ́n ti rí ACE2 yìí, kì í ṣe ara iṣan òórùn. Nítorí náà, alátìlẹ́yìn ni àrùn ń ṣá balẹ̀, iṣan tí kò rí ẹni gbé e ró mọ́ a sì dákẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa ń hù padà, ìdí sì nìyẹn tí òórùn fi padà sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn oṣù 4.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọpọlọ àwọn tí àrùn náà pa wò, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń rí ju kòkòrò fúnra rẹ̀ lọ ni ipa ìjà tí ara ń bá a jà. Nígbà tí ara bá ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ké sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ló ń lọ sí orí. Inú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì aṣọ́nà kan wà tí wọ́n ń pè ní microglia. Bí wọ́n bá gbọ́ ariwo ogun náà, wọn a dìde, nígbà mìíràn wọn a kọ̀ wọn kò ní padà jókòó bí ogun tilẹ̀ ti parí. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi àrùn náà sínú ẹ̀dọ̀fóró èkúté, àrùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò dé ọpọlọ wọn, síbẹ̀ àwọn aṣọ́nà ọpọlọ dìde, ọ̀rá tó bo àwọn okùn iṣan bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná sì dín kù. Bí rọ́bà wáyà bá ṣí, iná kò ní lọ geerege mọ́. Nígbà tí mo kà á ni ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mi yé mi, àwọn tó máa ń sọ pé àwọn mọ ohun tí àwọn fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n pé ó ń pẹ́ kí ó tó dé ẹnu.

Ọ̀nà mìíràn ni ti òpó ẹ̀jẹ̀. Àrùn yìí máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń ba ìbòrí inú òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá bá dí òpó kan nínú orí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, a sì rí i lára àwọn tí kò tíì dàgbà rárá. Bákan náà, ògiri kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó ń ṣà ohun tó lè wọlé. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, fi ẹ̀rọ wo orí àwọn tó ní irú kùrukùru tí ẹ sọ yìí, wọ́n sì rí i pé ògiri náà ń jò. Ní ti àwọn tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wọn lọ sílẹ̀ gan-an ní ilé ìwòsàn, àìrí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń pa ọpọlọ lára, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tiyín.

Mo padà síbi gbólóhùn yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kòrónà ló fà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó tó, kí wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, ṣúgà, fítámì B12, àti kókó inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid. Kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń sùn àti oògùn tí ẹ ń lò. Ní ẹni ọdún 46, ẹ má tijú láti sọ bí nǹkan oṣù yín ṣe rí, nítorí àsìkò tí ó bá ń dáwọ́ dúró máa ń da ìrántí àti oorun obìnrin rú. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wa, yálà èyí tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí tiwa ní Oǹdó. Ní ti àwọn tó ní ìrònú ni: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè tẹ̀lé àrùn yìí lóòótọ́, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fa ẹ̀jẹ̀ wò kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìrònú pa ọ̀rọ̀ yín dé.

Kafínta Arákàlẹ̀

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. N kì í ṣe oníṣègùn, igi ni mo ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ imú yẹn kàn mí. Òórùn lọ pátápátá lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ 5. Nígbà tí ó máa padà, òdì ni ó gbà padà. Bí ìyàwó mi bá da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná, bí ẹni pé wọ́n ń sun táyà ni ó ń rí nímú mi. Ọṣẹ ìwẹ̀ ń rùn, ẹran díndín ń rùn, mo sì rù débi pé àwọn oníbàárà mi ń béèrè ohun tó ń ṣe mí. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀ ju ìgbà tí n kò gbọ́ òórùn rárá lọ.

Dókítà tó là mí lọ́yẹ sọ pé àmì pé iṣan ń hù padà ni, pé wọn kò tíì ṣètò ara wọn bó ṣe yẹ ni, ó sì kọ́ mi ní ìdánrawò kan tí wọ́n ti ń lò ṣáájú kòrónà. Jámánì ni ó ti wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní ọdún 2009. Òórùn mẹ́rin ni wọ́n lò: òdòdó rose, lẹ́mọ́ọ̀nù, kànáfùrù àti eucalyptus. Wọn a máa gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20, fún oṣù 3 ó kéré tán, kí ọkàn sì wà níbẹ̀, kí ẹni náà máa rántí bí òórùn náà ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Èmi kò rí rose rà, mo lo kànáfùrù, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ewé efinrin àti irú. Oṣù 5 ni mo ṣe é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà, ṣùgbọ́n mo ti lè jẹ ọbẹ̀ alálùbọ́sà, mo sì ti ń gbọ́ òórùn igi tútù lẹ́nu ayùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tí imú rẹ̀ bá dákẹ́, kí ó má dá wà nílé pẹ̀lú gáàsì ìdáná. Tiwa jò ní òru ọjọ́ kan, ọmọ mi ló gbọ́ ọ, èmi tí mo sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kò mọ̀.

Onímọ̀ Àyẹ̀wò, Ìjàpọ̀

Olùkọ́, ìbéèrè yín kẹta ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí nọ́ńbà ni iṣẹ́ yín, nọ́ńbà sì lè dẹ́rù ba ènìyàn bí kò bá mọ bí a ṣe kó o jọ. Ìwádìí kan jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn kan kí kòrónà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe 785 nínú wọn padà, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 81, wọ́n sì tún àwòrán náà yà. Àwọn 401 ti kó àrùn náà láàárín àwòrán méjèèjì, àwọn 384 kò kó o. Ọpọlọ àwọn tó kó o fi ìdá 0.2 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, pàápàá ní àwọn ibi tó jẹ mọ́ òórùn àti ìrántí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò dé ilé ìwòsàn rárá. Èyí ló jẹ́ kí ìwádìí náà ní iyì lójú mi: wọ́n mọ bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe rí kí àrùn tó dé.

Ìkejì jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Àwọn tó ju 112,000 lọ ló ṣe ìdánwò ìrántí àti ìrònú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá fi àwọn tí kò kó àrùn náà ṣe òṣùwọ̀n, àwọn tó kó o tí ara wọn sì ti yá fi nǹkan bí máàkì 3 rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n làákàyè tí wọ́n ń pè ní IQ, àwọn tí àmì àìsàn ṣì wà lára wọn fi 6 rẹlẹ̀, àwọn tó dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe fi 9 rẹlẹ̀. Àwọn tó kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ pàdánù ju àwọn tó kó o nígbà tí àrùn náà ti yí padà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ́wọ́ lọ sùn nìyí: àwọn tí àmì àìsàn wọn pẹ́ ṣùgbọ́n tó lọ nígbẹ̀yìn, ìdánwò wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí tiwọn kò pẹ́. Bó ṣe pẹ́ lára yín kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni ẹ máa wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò mọ̀ pé ìpíndọ́gba kíláàsì kò sọ máàkì ọmọ kan. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti rí àwọn tó yá owó láti lọ ṣe MRI nítorí ìròyìn báyìí, tí àwòrán jáde mímọ́, tí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn pé a jẹ́ wí pé irọ́ ni àìsàn àwọn. Àyípadà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí nínú orí ẹnìkan. Àfi bí a bá kó orí ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ̀. Bí dókítà kò bá rí àmì kan tó mú ìfura wá, ẹ fi owó MRI yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀. Àti pé kò tíì sí oògùn kankan tí ìwádìí fi hàn pé ó ń lé kùrukùru yìí lọ, nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé, mo fi han ọkọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì kà á sí etí àbúrò rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ayé.

Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó: ní PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, 27 ni wọ́n rí níbi tó yẹ kó ti lé ní 36, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 150 lórí 95, èyí tí n kò mọ̀ rárá. Ṣúgà àti thyroid kò ní wàhálà. Dókítà fún mi ní oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin àti ti ìfúnpá, ó sì sọ pé òun gbà pé àrùn kòrónà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n pé kò dára kí a di gbogbo ẹrù lé orí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè: àyà tó ń sáré bí mo bá dìde, àti bí n óò ṣe máa ṣiṣẹ́ títí ara yóò fi yá, nítorí n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó

Mo dúpẹ́ pé ẹ lọ. Àwọn iṣan kan wà tí a kì í fi ọwọ́ ara wa darí, àwọn ló ń sọ fún ọkàn bí yóò ṣe yára tó àti fún òpó ẹ̀jẹ̀ bí yóò ṣe fún tó nígbà tí a bá dìde. Àrùn yìí máa ń da iṣẹ́ wọn rú fún àwọn kan. Ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ka lílù ọkàn yín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá dìde dúró láìrìn, kí ẹ tún un kà títí ìṣẹ́jú 10 yóò fi pé. Kí ẹnìkan wà nítòsí yín. Bí ó bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yára sí i, tí kò sì wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan lè fa irú rẹ̀, nítorí náà, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti gòkè. Ẹ lè kà á níbìkan pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jẹ iyọ̀ púpọ̀. Pẹ̀lú ìfúnpá yín, ẹ má ṣe é.

Ní ti iṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró kí ó tó rẹ̀ yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti rẹ̀ yín tán. Àwọn tó ń fipá ti ara wọn ni mo máa ń rí tí wọ́n ń padà sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí kíláàsì tó le jù bọ́ sí àárọ̀, ẹ kọ ìlà ìṣirò yín sínú ìwé kí ẹ tó wọlé, ẹ jókòó kọ́ wọn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì pín ọjà Sátidé sí ọjọ́ méjì. Bí àrùn náà bá tún ń jà, ẹ lo ìbòmú nínú ọkọ̀, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bá wà, nítorí kíkó o léraléra máa ń fi kún ewu, abẹ́rẹ́ náà sì máa ń dín ewu kí àìsàn pẹ́ lára kù.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la: bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ kan kò lè gbéra, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́ lẹ́nu lójijì, tàbí tí gìrì bá mú ènìyàn, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú orí ní wákàtí tirẹ̀, wákàtí 4 àti ààbọ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, tí rírọ̀ náà sì ń gun òkè lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò wọ́pọ̀, Guillain-Barré ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ó lè dé ibi èémí.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àkúrẹ́

Ọkọ mi ló di aago mú fún mi láàárọ̀ yìí. Ní ìdùbúlẹ̀, 78. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 lórí ìdúró, 104. Ní ìṣẹ́jú 10, 103. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, Ọjọ́bọ̀ ni n óò mú un lọ bá dókítà. Kíláàsì àwọn ọlọ́dún kẹta girama àgbà ti bọ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, àga sì ti wà fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.